Àwo Ń Kọ́ni, Kò Gbọ́ni: Àyẹ̀wò Ìlànà Bíbá Àwo Orin Ta Jìtá Béèsì Nínú Ilé

1. Ìfáárà

Ìlànà tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀wò kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Ẹnì kan wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àwo orin sí orí ẹ̀rọ, ó gbé jìtá béèsì lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tí ohùn wọn wà nínú àwo náà ṣeré bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn ni òun. Bí orin náà bá parí, yóò gbé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣi ìró kan ta, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Bí ó bá ta á dáradára, kò sí ẹni tí yóò yìn ín. Báyìí ni yóò máa ṣe láti alẹ́ dé alẹ́, títí orin náà yóò fi di ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe láìjẹ́ pé ó ń ronú sí i.

Ohun tí ó mú kí ìlànà yìí yẹ fún àyẹ̀wò ni pé òun ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ onijìtá béèsì gbà kọjá. Ní ọdún 1951 ni Leo Fender gbé jìtá béèsì oníná tí ó ń jẹ́ Precision Bass jáde ní California. Ohun èlò tí wọ́n bí ní 1951 kò lè ní àgbà ní 1955. Kò ní ìdílé tí ó ń jogún rẹ̀, kò ní ilé-ìwé, ìwé tí ó sì lè kọ́ni bí wọ́n ṣe ń ta á ṣọ̀wọ́n. Ọdún 1969 ni Carol Kaye, tí í ṣe onijìtá béèsì ní Los Angeles, tó tẹ ìwé ìkọ́ni tirẹ̀ jáde. Ní àárín àkókò wọ̀nyí, àwo ni ó dúró ní ipò àgbà.

Èrò méjì ni ó sábà máa ń wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò kìíní ni pé ẹ̀kọ́ ayékòótọ́ ni ẹ̀kọ́ inú àwo: ẹyẹ náà ń sọ ohun tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Èrò kejì ni pé àwo tó gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, nítorí pé ohun gbogbo tí olórin ṣe ni ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò gbìyànjú láti fi hàn pé èrò méjèèjì ni ó kùnà ní ibì kan náà. Wọ́n ka àwo sí olórin. Àwo kì í ṣe olórin. Ohun tí olórin ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ lára àwo, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè lo ogún ọdún nídìí rẹ̀ láì di onijìtá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, àwọn àwo tí ilé-iṣẹ́ Motown ṣe ní Detroit ní àwọn ọdún 1960 ni iṣẹ́ yìí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, pàápàá jù lọ ọwọ́ James Jamerson tí ó ta béèsì nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn.

2. Iṣẹ́ tí Etí ń Ṣe Ṣáájú Ọwọ́

Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè rò pé ọwọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti etí. Okùn mẹ́rin ni jìtá béèsì ní, E, A, D àti G. Èyí tí ó nípọn jù nínú wọn ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ rédíò kékeré àti ẹ̀rọ àwo olówó pọ́ọ́kú kò lè gbé ohùn tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde. Àwọn ohùn kéékèèké tí ó wà lókè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé jáde, ọpọlọ olùgbọ́ ni ó sì ń fi ìwọ̀nyí mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá béèsì nínú àwo ń wá ohun tí ó fara pamọ́ sí abẹ́ ìlù, dùùrù, fèrè àti ohùn olórin. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí kì í ṣe béèsì, kí ó tó lè mọ béèsì.

Nígbà tí orin bá yára jù, ọgbọ́n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá. Ẹ̀rọ àwo mìíràn wà tí ó lè yí ní ìgbà 16⅔ ní ìṣẹ́jú kan. Bí wọ́n bá gbé àwo tí ó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33⅓ sí i, orin náà yóò falẹ̀ sí ìdajì, ohùn gbogbo yóò sì sọ̀kalẹ̀ sí ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ tirẹ̀ gan-an: ìró kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ohùn bàbá sí ti ọmọ. Èyí dára fún ẹni tí ó ń kọ́ fèrè. Ní ti béèsì, ńṣe ni ó túbọ̀ ń ri ohùn náà sínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n onijìtá béèsì fi máa ń yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tépù a gba orin sílẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì 3¾ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a sì gbọ́ ọ ní ìwọ̀n 7½. Orin náà yóò máa sáré, ṣùgbọ́n béèsì yóò gòkè wá sí ibi tí etí ti lè dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá gbé àwo 33⅓ sí orí ìyíká 45, ohùn yóò gòkè ju ìró mẹ́rin lọ díẹ̀, kò sì ní bá okùn jìtá kankan mu mọ́.

Lónìí, kọ̀ǹpútà lè dẹ orin lọ́wọ́ láì yí ohùn rẹ̀ padà. Láti ọdún 2019 tí ilé-iṣẹ́ Deezer ní ilẹ̀ Faransé ti gbé Spleeter sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó ti rọrùn láti ya béèsì sọ́tọ̀ kúrò lára orin kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbọ́ ọ ní òun nìkan. Kò sí àní-àní pé ìrànwọ́ ńlá nìyí, nítorí pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni ó fi ọdún púpọ̀ ta ìró tí kò sí nínú orin rárá. Síbẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn béèrè ohun tí wíwá náà ń ṣe fún ẹni tí ó ń wá. Ẹni tí ó wá béèsì láàárín ohùn mẹ́wàá ti gbọ́ ohùn mẹ́wàá. Ẹni tí wọ́n yọ béèsì lé lọ́wọ́ ti gbọ́ ẹyọ kan. Béèsì kò sì ní ìtumọ̀ ní òun nìkan. Ohun tí ìlù ń ṣe ni ó ń sọ ohun tí béèsì gbọ́dọ̀ ṣe.

Ẹ̀kọ́ kejì tí àwo ń kọ́ni ni pé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Aago oní-kọ̀ọ́-kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń wọn ìṣísẹ̀ orin kì í dúró pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Ènìyàn ni ó wà nínú àwo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọsẹ̀, orin ti lọ. Ó di dandan kí ó fi ìró tí ó sọnù sílẹ̀, kí ó sì wá ibi tí yóò ti padà wọlé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bá èrò egúngún pàdé lójú ọ̀nà tí ó sì gbọ́dọ̀ wá àyè láàárín wọn láì dá wọn dúró. Onílù gidi ni ẹni tí ó mọ bí a ti ń ṣìnà tí orin kò sì dà rú. Ìdí nìyí tí èrò ayékòótọ́ kò fi lè dúró pátápátá. Ayékòótọ́ kì í kọsẹ̀ kí ó sì tún rìn bá èrò.

3. Ọwọ́ tí Kò ní Orúkọ

Ìpínlẹ̀ South Carolina ni wọ́n ti bí James Jamerson ní ọdún 1936. Ó dé Detroit ní 1954. Béèsì onígi ńlá tí wọ́n ń ta lórí ìdúró ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní ilé-ìwé gíga Northwestern ní ìlú náà, ó sì ń bá àwọn ẹgbẹ́ olórin jáásì ta á ní àwọn ilé ìgbáfẹ́. Nígbà tí Berry Gordy dá ilé-iṣẹ́ tí ó di Motown sílẹ̀ ní 1959, Jamerson wà lára àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé tí ó wà ní òpópónà West Grand Boulevard. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ó yí padà sí jìtá béèsì oníná. Àwọn tí wọ́n ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Funk Brothers.

Àwo orin tí ọwọ́ ọkùnrin yìí wà nínú wọn pọ̀ púpọ̀. “My Girl” tí ẹgbẹ́ Temptations kọ, tí ó jáde ní ìparí 1964, wà lára wọn: béèsì ni ó kọ́kọ́ wọlé nínú rẹ̀ kí jìtá tó tẹ̀lé e. Òmíràn ni “Bernadette” tí Four Tops kọ ní 1967, àti “I Was Made to Love Her” tí Stevie Wonder kọ ní ọdún kan náà. Orin àkọ́kọ́ lè di ti akẹ́kọ̀ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó bá sọ pé méjì tó kù di tirẹ̀ láàárín ọdún kan, kí wọ́n tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ní gbogbo àkókò yìí, Motown kì í kọ orúkọ àwọn onílù àti onijìtá sí ara páálí àwo. Orúkọ olórin ni ó ń wà níbẹ̀. Ó di 1971, nígbà tí àwo “What's Going On” ti Marvin Gaye jáde, kí orúkọ Jamerson àti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fara hàn fún ẹni tí ó ra àwo. Ní 1972, ilé-iṣẹ́ náà kó lọ sí Los Angeles. Jamerson kú ní 1983. Ọdún 1989 ni ìwé tí Allan Slutsky kọ nípa rẹ̀, “Standing in the Shadows of Motown”, jáde. Fíìmù tí ó ní orúkọ kan náà tẹ̀lé e ní 2002.

Ìtàn yìí ní ohun tí ó kan ìlànà tí iṣẹ́ yìí ń yẹ̀ wò. Láti nǹkan bí 1960 títí di 1971, àwọn ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sínú yàrá wọn, wọ́n ń kọ́ ìṣe ọwọ́ ẹnì kan tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan náà ni ó ta béèsì nínú orin Supremes, ti Temptations àti ti Four Tops. Etí ni ó kọ́kọ́ sọ fún wọn. Ẹni tí ó ti ta orin mẹ́fà tẹ̀ lé àwo mọ̀ ní ọwọ́ ara rẹ̀ pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà, pé ìka kan náà ni ó ń pa okùn mọ́ ní ibi kan náà. Ó jẹ́ ìmọ̀ tí òǹkàwé páálí àwo kò ní. Nínú àṣà Yorùbá, òṣèré kì í bẹ̀rẹ̀ eré láì júbà ẹni tí ó kọ́ ọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí jẹ gbèsè ìbà, wọn kò sì mọ ẹni tí wọn yóò san án fún.

4. Ohun tí Àwo Fi Pamọ́

Èrò kejì, pé ohun gbogbo wà nínú àwo, ni ọ̀rọ̀ Jamerson bì ṣubú jù lọ. Àwo kò ní ìka. Ìka ìlábẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni Jamerson fi ń ta okùn, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ ọ lára béèsì onígi. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń lo ìka méjì ní àtẹ̀léra, ó sì ń yà wọ́n lẹ́nu pé ìró wọn péye ṣùgbọ́n kò dún bí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìka kan fa okùn kọjá okùn mìíràn yóò rí i pé ìtẹ̀síwájú ìró náà yí padà fúnra rẹ̀. Kì í ṣe etí ni ó kùnà níbẹ̀. Ojú ni kò sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ okùn rẹ̀. Irú okùn tí wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ wé ni ó ń lò, kì í sì í sábà pa á dà. Ó jẹ́ kí fóòmù wà lábẹ́ ìderí ibi tí okùn ti so mọ́ ara jìtá, kí ìró má baà pẹ́ jù kí ó tó kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ èyí yóò máa fi ipá ọwọ́ wá ohùn tí ó jẹ́ ti okùn àti ti fóòmù. Yóò máa bá ara rẹ̀ wí fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ohun mìíràn tí àwo fi pamọ́ tóbi ju ìwọ̀nyí lọ. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ti gba orin Motown sílẹ̀, àwọn onílù àti Jamerson ń rí ara wọn. Ohun tí ó mú kí béèsì dákẹ́ díẹ̀ ní ibì kan lè jẹ́ pé ó rí ọwọ́ onílù tí ó gòkè. Ìdákẹ́ náà wà nínú àwo, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ èsì láì gbọ́ ìbéèrè.

Èyí tí ó léwu jù ni pé àwo ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń bá àwo ta, béèsì méjì ni ó ń dún: tirẹ̀ àti ti àwo. Bí tirẹ̀ bá pẹ́ díẹ̀, ti àwo ti kún àyè náà. Bí ó bá fo ìró kan, ti àwo kò fo ó. Ó ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn, ó ń rò pé tòun ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó wà nínú àwo wà lọ́jà, orí ọmọ sì ń wọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé kò ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ lè parí ọdún mẹ́ta báyìí kí ó tó mọ̀, ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ bá ènìyàn ṣeré, pé ẹnì kan ti ń gbé òun pọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

5. Àwo tí Wọ́n Yọ Ẹnì Kan Kúrò Nínú Rẹ̀

Àwọn kan ti rí àléébù yìí tipẹ́. Ní ọdún 1950, Irv Kratka dá ilé-iṣẹ́ Music Minus One sílẹ̀ ní New York. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà ni láti ṣe àwo tí gbogbo olórin pé sí àfi ẹnì kan; ẹni tí ó ra àwo ni yóò kún àyè náà. Ní 1967, Jamey Aebersold bẹ̀rẹ̀ irú àwo bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ jáásì. Ó fi béèsì sí apá kan ẹ̀rọ, ó fi dùùrù sí apá kejì, ìlù sì wà ní apá méjèèjì. Onijìtá béèsì tí ó bá ti apá kan pa yóò bá ara rẹ̀ pẹ̀lú dùùrù àti ìlù, láìsí béèsì. Ìwé tí Slutsky kọ nípa Jamerson tẹ̀lé ìlànà yìí pẹ̀lú: ó ní ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ tí ó bá a jáde, béèsì sì wà ní apá kan tí ènìyàn lè pa.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pa béèsì náà ni ẹ̀kọ́ tí ó ga jù nínú gbogbo ìlànà yìí. Orin yóò dàbí ilé tí wọ́n yọ òpó rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti rò pé òun mọ iṣẹ́ Jamerson yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ohun tí béèsì ń ṣe kì í ṣe láti dún nìkan; ó ń sọ fún ìlù ibi tí ilẹ̀ wà, ó sì ń sọ fún olórin ibi tí orí ilé wà. Àìsí olùkọ́ ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ hàn. Gbogbo àṣìṣe tí àwo lásán bò mọ́lẹ̀ yóò sì jáde síta.

Ó tún yẹ láti kíyè sí ohun kan nípa ohùn tí ó bá ìwé náà jáde. Kì í ṣe Jamerson ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ó ti kú. Àwọn onijìtá béèsì mìíràn tí wọ́n lé ní 20 ni wọ́n ta ipa tirẹ̀. Púpọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni ó kọ́ iṣẹ́ Jamerson láti inú àwo, nínú yàrá tiwọn, kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń bá wọn ta nísinsìnyí ń kọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ àwo. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánìkanwà ti di ìran. Ẹni tí ó sọ pé àwo kò lè bí ọmọ ní láti dáhùn èyí.

6. Ìṣeré Ọjọ́ Kan àti Ìṣe Olórin

Ìṣòro kan ṣì kù, òun ni ó sì kan àwọn tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ lórí lítíréṣọ̀ alohùn gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà mìíràn, ìwé tí wọ́n fún Jamerson nínú sítúdíò kò ní ju orúkọ ìpapọ̀ ohùn tí orin náà ń gbà kọjá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń dá ohun tí yóò ta níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fetí sí irú orin bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé béèsì kì í tún ara rẹ̀ sọ bákan náà láti ẹsẹ kan dé ìkejì. Ohun tí ó wà nínú àwo jẹ́ ohun tí ó rò ní ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ó tún un ta ní ọjọ́ kejì, ìró mìíràn ni ìbá jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó há gbogbo ìró náà sórí láì fi ẹyọ kan sílẹ̀ ti ṣe ohun tí Jamerson fúnra rẹ̀ kò ṣe. Ó ti sọ àrà ọjọ́ kan di òfin. Àwọn tí wọ́n ti ka iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, èyí tí ó jáde ní 1966, mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjálá tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé jẹ́ ohun tí apohùn kan sun ní ọjọ́ kan, níwájú àwọn olùgbọ́ kan. Ẹni tí ó há a sórí ti mọ ìjálá náà, ṣùgbọ́n kò tíì di oníjàálá. Oníjàálá ni ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà so ọ̀rọ̀ pọ̀, tí ó lè bá ẹranko, igi àti ènìyàn tí ó dé lójijì sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ènìyàn fi èyí kẹ́gàn àkọ́sórí. Ọmọ oníjàálá pẹ̀lú ń há ti bàbá rẹ̀ sórí kí ó tó ní tirẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ọmọ náà ń gbọ́ ti bàbá rẹ̀ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Láti inú ìyàtọ̀ ni ó ti ń mọ ohun tí ó dúró àti ohun tí ó lè yẹ̀. Àwo ń fi ẹyọ kan hàn án ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ àwo gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ wá ìyàtọ̀. Bí ó bá fi “Bernadette” ti “I Was Made to Love Her” lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí Jamerson ṣe nínú méjèèjì, ọ̀nà ni ó ń kọ́. Bí ó bá kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, orin ni ó ń kọ́.

7. Ohun tí Ìlànà Àwọn Àyàn Fi Yé Ni

Fífi ìlànà yìí wé bí ọmọ àyàn ṣe ń kọ́ dùndún kì í ṣe láti sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Ọmọ àyàn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Gúdúgúdú tàbí omele ni wọ́n ń fún un, èyí tí ó ń lu ohun kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìlù kékeré ni ó ń mú ilẹ̀ dúró fún un. Ohun tí gúdúgúdú ń ṣe nínú dùndún jọ ohun tí béèsì ń ṣe nínú orin Motown púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ọ̀kan wà lókè, ti èkejì sì wà nísàlẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá yà kúrò lójú ọ̀nà, ìyáàlù yóò gbọ́. Àgbà yóò wò ó. Nígbà mìíràn, ìyáàlù yóò lu ohùn omele náà fún un díẹ̀ kí ó lè padà sí ipò. Ẹ̀kọ́ náà ń lọ ní ọ̀nà méjì: ọmọ ń gbọ́ àgbà, àgbà sì ń gbọ́ ọmọ. Ti àwo ń lọ ní ọ̀nà kan. Ṣùgbọ́n àwo ní ohun kan tí àgbà kò ní: sùúrù tí kò lópin. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í bínú, kì í sì í lọ sí òde eré kí ó fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Ẹni tí ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ti onílù, tí ó ń gbé ìlú tí kò ní olùkọ́, rí nínú àwo ẹ̀tọ́ tí ìbí kò fún un. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ẹni tí ó bá sì ń kẹ́gàn ẹ̀kọ́ àwo ní láti kọ́kọ́ sọ ibi tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ti sọ kójọ sí orí kókó kan. Àwo ń kọ́ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ni. Nítorí pé ó ń kọ́ni, èrò ayékòótọ́ kò tọ̀nà: etí, ìṣísẹ̀ àti ọgbọ́n àtiwọlé padà ni ènìyàn ń rí kọ́ níbẹ̀. Nítorí pé kò gbọ́ni, èrò pé ó tó kò tọ̀nà pẹ̀lú: kò lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ti pẹ́ tàbí pé ó ti yá jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kí ìlànà yìí ṣe é láǹfààní gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò gbọ́ ọ. Ó lè yí ohùn àwo sílẹ̀ pátápátá láàárín orin, kí ó máa ta lọ, kí ó sì tún gbé e sókè lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá àwọn ṣì wà papọ̀. Ó lè gba ohun tí òun nìkan ta sílẹ̀, kí ó sì gbọ́ ọ láìsí àwo tí yóò bo àṣìṣe rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé ó gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn yàrá. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Béèsì jẹ́ ohun èlò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti so àwọn ẹlòmíràn pọ̀, ẹni tí kò bá sì tíì bá ẹlòmíràn ta á kò tíì ta á.

Ọ̀rọ̀ ìbà ni ó kù. Jamerson kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá àdágbé. Ilé-ìwé àti àwọn ilé ìgbáfẹ́ Detroit ni ó ti kọ́ ọ, láàárín ènìyàn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ọ láti ọwọ́ rẹ̀ nínú yàrá wọn ń gba ẹ̀kọ́ tí àwùjọ kan bí. Ilé-iṣẹ́ tí kò kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí àwo fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá sọ àwùjọ náà di ohùn lásán. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, láti inú yàrá kan sí òmíràn, wà lára ohun tí ó sọ ohùn náà di ènìyàn padà, nítorí pé wọ́n mọ ọwọ́ náà kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń béèrè ẹni tí ó ni ín títí wọ́n fi rí ìdáhùn.